Àkàrà Tí Ìyá Mi Gbọ́ Lórí Àjà

Ó ti pẹ́ díẹ̀ tí mo ti ń rò ó bóyá kí n kọ ọ̀rọ̀ yìí ni tàbí kí n gbé e mì, nítorí pé ẹ̀bi ara mi ni mo fẹ́ rò, kò sì rọrùn fún àgbàlagbà kí ó dúró láàárín ọjà kí ó máa ka ẹ̀ṣẹ̀ ara rẹ̀ sétí aráyé. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo wo iye ilé tí wọ́n ti gbé sólà ka orí páànù ní ìlú Ìbàdàn yìí láti ọdún 2023, mo ní ó sàn kí ojú tì mí ju kí ilé ẹlòmíràn jóná lọ.

Ilé bàbá mi wà ní ẹ̀yìn Ọjà'ba, ní ìsàlẹ̀ òkè Màpó. Bí ènìyàn bá dúró lórí àtẹ̀gùn Gbọ̀ngàn Màpó tí wọ́n ṣí ní 1929, tí ó bá bojú wo ìsàlẹ̀, páànù tí ó ti dípẹtà ni yóò máa rí lọ títí, ní apá Bẹẹrẹ, ní apá Ọjà'ba, ní apá Bẹyẹrunkà; òrùlé ilé kan ń gun èjìká òrùlé èkejì, débi pé bí ìyàwó ilé kan bá ń dín ata, ará ilé kejì ni yóò máa sín. Ìyẹn dára fún ìbágbé. Fún iná, kò dára rárá. Ọ̀nà tí ó wọ agboolé wa, bí ẹni méjì bá pàdé níbẹ̀, ẹnì kan ní láti fara ti ògiri kí èkejì tó kọjá. Níbo ni mọ́tò panápaná yóò gbà?

Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì alámọ̀ ni ilé náà, sìmẹ́ńtì ni wọ́n fi rẹ́ ẹ lára. Ìgbà ECN ni wọ́n ti fa wáyà iná sí i, kí orúkọ ilé-iṣẹ́ iná tó di NEPA ní 1972, ọwọ́ oríṣiríṣi ènìyàn ni ó sì ti kan wáyà náà láti ìgbà náà wá. Ẹni tí ó bá gba yàrá nínú ilé, a so tirẹ̀ mọ́ ọn. Ẹni tí ó bá ra tẹlifíṣọ̀n, a so tirẹ̀ mọ́ ọn. Ọ̀kan fi téèpù wé e, òmíràn fi ọ̀rá omi tútù wé e, gbogbo wa sì ń sùn, a ń hanrun.

Ìyá mi ni ó ń gbé òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì náà. Wọ́n ti pé ẹni ọdún 88. Ó lé ní 40 ọdún tí wọ́n fi dín àkàrà ní Bẹẹrẹ, àkàrà náà ni wọ́n sì fi rán èmi àti àwọn ẹ̀gbọ́n mi ní ilé-ìwé. Ojú wọn ti ń ṣe bàìbàì, orúnkún sì ń dùn wọ́n, nítorí náà orí ibùsùn lẹ́bàá fèrèsé ni wọ́n máa ń wà láti òwúrọ̀ di alẹ́.

Ẹ ó rántí pé ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún, ọdún 2023, ni Ààrẹ tuntun kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ti dópin. Epo tí kò tó 200 náírà fún lítà kan, láàárín ọjọ́ mélòó kan, ó ti sún mọ́ 500. Jẹnẹrétọ̀ ilé wa di ohun tí a kàn ń nu eruku ara rẹ̀. Mo ní ìyá mi kò níí jókòó nínú òkùnkùn níwọ̀n ìgbà tí mo wà láyé. Mo ra páànẹ́lì sólà mẹ́fà, ínfátà kan, àti bátìrì, mo sì wá ọmọkùnrin kan tí owó iṣẹ́ rẹ̀ kéré jù lọ. Àní lẹ́yìn tí ó ti dá owó kékeré yẹn, mo tún ná an.

Ibi tí ẹ̀bi mi wà nìyí, mo bẹ̀ yín, ẹ má ṣe fi gún ọmọkùnrin náà lójú. Nígbà tí iṣẹ́ fẹ́ parí, kọnẹ́tọ̀ tí wọ́n fi ń so wáyà páànẹ́lì pọ̀ kù ẹyọ kan. Ó ní kí n jẹ́ kí ó di ọ̀la, kí òun lọ ra èyí tí ó jẹ́ ọmọ ìyá kan náà pẹ̀lú àwọn ti tẹ́lẹ̀. Ó ní òun ní ọ̀kan nínú àpò òun, ṣùgbọ́n ilé-iṣẹ́ mìíràn ni ó ṣe é. Mo bi í pé, "Ṣé wọn kò bára wọn wọ ni?" Ó ní wọ́n bára wọn wọ. Mo ní, "Fi síbẹ̀." Ó fi píláyà tẹ ẹnu wáyà mọ́ ọn, nítorí kò ní ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń tẹ̀ ẹ́, ó tì í bọ inú ara wọn, ó gbà á kọjá lábẹ́ páànù, lórí àjà yàrá ìyá mi gan-an. Iná tàn. Gbogbo agboolé hó yèè.

Kò pé oṣù méjì lẹ́yìn náà ni mo dé ọ̀dọ̀ wọn ní ọ̀sán ọjọ́ Sátidé kan, tí wọ́n ní, "Àkànní, ta ni ó ń dín àkàrà lórí àjà mi?"

Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní, "Màámi, eku ni."

Wọ́n ní, "Mo ní àkàrà, o ní eku. Òróró ni mò ń gbọ́, òróró tí omi kán sí. Bí oòrùn bá kan àtàrí, a máa dín in lọ. Bí ìkùukùu bá ṣíji bò ó, a dákẹ́. Bí oòrùn bá tún yọ, a tún bẹ̀rẹ̀. Eku wo ni ó ń wo oòrùn kí ó tó ṣeré?"

Mo fetí sílẹ̀ díẹ̀. Ariwo àwọn tí ń polówó ọjà nísàlẹ̀ ni èmi gbọ́. Mo fún wọn ní owó ọbẹ̀, mo bá tèmi lọ.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì, wọ́n ní ta ni ó ń yan ẹja tí ó ti bàjẹ́. Kò sí ẹni tí ó ń yan ẹja. Nígbà tí ó di ìgbà kẹta, mo pe àwọn ẹ̀gbọ́n mi lórí fóònù, mo ní ó dà bí ẹni pé Màmá ti fẹ́ máa ṣarán. A dáwó jọ, a gbé wọn lọ sí ilé-ìwòsàn. Dókítà yẹ etí wọn wò, ó bi wọ́n ní ọjọ́ tí a wà, orúkọ gómìnà, àti iye ọmọ ọmọ wọn. Wọ́n dáhùn gbogbo rẹ̀ láìsí ìkọsẹ̀, wọ́n sì bi dókítà náà ní iye ọmọ tí òun náà bí. Ó ní kò sí ohun tí ó ṣe màmá yìí, pé etí wọn dára ju ti ẹni tí ó mú wọn wá lọ. Owó tí mo san níbẹ̀, n kò fẹ́ rántí rẹ̀. Bí a ti ń bọ̀ wálé, wọn kò bá mi sọ̀rọ̀ rárá títí a fi dé Bẹẹrẹ. Ibẹ̀ ni wọ́n ti na ìka sí ẹ̀gbẹ́ títì, tí wọ́n ní, "Ó lé ní 40 ọdún tí mo fi jókòó síbí yìí. N ó wá ṣi ariwo òróró gbọ́?"

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan wà tí ó kọ́ iṣẹ́ iná ní Pólì Ìbàdàn. Ó wá kí wọn ní ọjọ́ Àìkú kan, wọ́n sì rojọ́ mi fún un. Mo ti ń retí kí ọmọ náà bú sẹ́rìn-ín. Kò rẹ́rìn-ín. Ó fà sún mọ́ ibùsùn wọn, ó ń bi wọ́n ní ìbéèrè bí agbẹjọ́rò: "Ìyá àgbà, aago mélòó ni ó máa ń bẹ̀rẹ̀? Ṣé a máa ṣe é bí òjò bá ń rọ̀? Ṣé bí wọ́n bá tan nǹkan púpọ̀ nínú ilé ni ó ń le sí i?" Wọ́n ní bẹ́ẹ̀ ni, pé bí ará ìsàlẹ̀ bá ti fi fìríìjì rẹ̀ sí iná lọ́sàn-án, àkàrà náà a máa ta pàrà ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Ó yíjú sí mi, ó ní, "Bàbá, rédíò bàbá àgbà ńkọ́?"

Ẹ̀rọ asọ̀rọ̀mágbèsì tí bàbá mi fi ń gbọ́ ìròyìn ni ó ń bèèrè. A rí i nínú àpótí, a ki bátìrì bọ̀ ọ́. Ó yí i sí AM, kì í ṣe FM, ó wá ibi tí ilé-iṣẹ́ kankan kò ti sọ̀rọ̀, tí ó kàn ń ṣe ṣàà jẹ́jẹ́. Ó ń gbé e kiri inú ilé. Lẹ́bàá ínfátà, rédíò ń hùn bí ilé oyin. Ó ní kí n fi ìyẹn sílẹ̀, bí ínfátà ti ń hùn nìyẹn. Ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó rọlẹ̀. Ó wọ yàrá ìyá mi, ó gbé rédíò sókè sí àjà. Ẹ̀yin ènìyàn, bí ẹni da ẹ̀wà lílọ̀ sínú agbada ni! Ó ń ta pàrà, ó ń han, ó ń dákẹ́, ó tún ń ta pàrà. Ó ní kí n lọ pa súwíìṣì tí ó wà láàárín páànẹ́lì àti ínfátà. Mo pa á, ariwo náà kú pátápátá, bẹ́ẹ̀ ni ínfátà ṣì ń hùn lórí bátìrì. Mo tàn án, àkàrà bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni a ṣe bẹ́ẹ̀. Ní ìgbà kẹta, ìyá mi kò sọ nǹkan kan, wọ́n kàn ń wò mí.

Ìbàdàn ni mo mọ̀, n kò mọ Láyípo. Èmi rò pé bí iná bá fẹ́ ṣe jàǹbá, bíréékà yóò já. Ọmọ náà ṣàlàyé fún mi títí ilẹ̀ fi ń ṣú, mo sì fẹ́ kí ẹ̀yin náà gbọ́ ọ.

Bí wáyà méjì tí ó yẹ kí ó fara kanra bá dẹ̀ díẹ̀, tí àlàfo bíi ti irun bá wà láàárín wọn, iná kò níí dúró kí ó máa wò. Yóò fo àlàfo náà. Fífò yẹn ni àwọn onímọ̀ ń pè ní arc. Gbogbo ẹni tí ó bá ti kọjá lẹ́bàá ṣọ́ọ̀bù wẹ́dà mọ̀ ọ́n: iná funfun tí wọ́n ń sọ fún ọmọdé pé kí ó má wò ni. Ooru rẹ̀ lè ju 5,000 dígírì lọ. Bàbà inú wáyà kò ju nǹkan bí 1,085 lọ kí ó tó yọ́, igi òrùlé wa kò sì fẹ́ ìdá kan nínú mẹ́wàá ooru yẹn kí ó tó gbiná. Wẹ́dà kékeré kan ni mo gbé sórí àjà ìyá mi.

Kí ló wá dé tí bíréékà kò já? Bíréékà dà bí oníbodè ayé àtijọ́ tí wọ́n ní kí ó máa ka ẹrù. Bí ẹrù bá ti pọ̀ jù, á ti ilẹ̀kùn. Ṣùgbọ́n bí ẹnì kan bá ru ẹrù tí kò pọ̀, tí ó wá fi ẹyin iná pamọ́ sábẹ́ agbádá, oníbodè á kí i kú ìrìn. Arc tí ó wà lójú ọ̀nà kan náà pẹ̀lú ohun tí à ń lò kì í fi kún iná tí ń ṣàn. Àní díẹ̀ ni ó máa ń yọ kúrò nínú rẹ̀. Ojú bíréékà kò rí ẹ̀ṣẹ̀ kankan níbẹ̀. Fíúùsì náà kò rí i.

Ti sólà tún wá burú ju ti iná ìjọba lọ, ohun tí ó fà á sì yà mí lẹ́nu. Iná tí ó ń bọ̀ láti orí òpó máa ń yí padà síwá sẹ́yìn ní ìgbà 50 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, nítorí náà ìgbà 100 ni ó ń rẹlẹ̀ di òfo nínú ìṣẹ́jú àáyá náà, arc a máa rí àyè kú. Iná páànẹ́lì kì í yí padà. Ọ̀nà kan ni ó ń lọ láti àárọ̀ títí oòrùn fi wọ̀, kò ní ìsinmi, nítorí náà arc tí ó bá ti gbé kalẹ̀ níbẹ̀ kì í fẹ́ kú. Páànẹ́lì mi kọ̀ọ̀kan ń mú nǹkan bí 40 fóòtì wá. Mẹ́fà tí a so tẹ̀lé ara wọn di 240. Ta ni yóò sì pa oòrùn?

Mo fẹ́ gun àjà lójú ẹsẹ̀ kí n fa kọnẹ́tọ̀ náà yọ. Ọmọ náà di mí lápá mú. Ó ní fífà á yọ nígbà tí iná ń gba inú rẹ̀ kọjá ni yóò na arc gùn, ọwọ́ mi ni yóò sì bá. Ó pa súwíìṣì, ó lẹ̀ ẹ́ ní téèpù kí ọmọdé má tàn án, ó ní ó di alẹ́. Ní aago mẹ́jọ òru, a gbé àtẹ̀gùn, a ṣí àjà. Kọnẹ́tọ̀ náà ti yọ́ bí àbẹ́là, inú rẹ̀ dúdú kirikiri, igi òrùlé tí ó fara tì sì ti di èédú ní ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ kan. Nísàlẹ̀ ibẹ̀ tààrà, bí ẹsẹ̀ bàtà mélòó kan, ni ìrọ̀rí ìyá mi wà. Mo sọ̀ kalẹ̀. N kò lè dúró. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí ilẹ̀ yàrá náà, wọ́n ní, "Dìde, aṣọ rẹ á dọ̀tí."

Àwọn òyìnbó ti ṣe ẹ̀rọ tí ó ń ṣe irú iṣẹ́ tí etí ìyá mi ṣe. Ní Amẹ́ríkà wọ́n ń pè é ní AFCI. Ìwé òfin iná wọn ti 1999 ni ó kọ́kọ́ bèèrè rẹ̀ fún yàrá ìbùsùn, láti ọdún 2002. Nígbà tí ó di ìwé òfin 2011, wọ́n ní kí sólà orí ilé tí ó bá tó 80 fóòtì ní tirẹ̀ náà. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, AFDD ni orúkọ rẹ̀, ní 2022 ni òfin wáyà wọn sì ní ó di dandan fún ibùgbé akẹ́kọ̀ọ́, ilé àwọn arúgbó, àti irú àwọn ilé gíga tí ewu wọn pọ̀. Ẹ̀rọ náà kì í ka iye iná bí oníbodè. Ó ń fetí sí ariwo inú iná, èyí tí ń gbọ̀n ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún lọ́nà ẹ̀wádún láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ariwo yẹn gan-an ni rédíò bàbá mi ń pariwo rẹ̀ síta. Iṣẹ́ tí ó ṣòro ni kí ó mọ ìyàtọ̀, nítorí súwíìṣì tí a bá tẹ̀ a máa ta pàrà, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lu ihò sí ògiri náà a máa ta pàrà nínú, kò sì sí ẹ̀ṣẹ̀ nínú ìyẹn. Bí ẹ̀rọ náà bá ń já sí gbogbo rẹ̀, ẹni tí ó ni ilé á yọ ọ́ sọnù. Nígbà tí mo sọ èyí fún ìyá mi, wọ́n ní kí ló le níbẹ̀, ṣé ẹni tí ó bá mọ òróró kò mọ ti dòdò yàtọ̀ sí ti àkàrà ni?

Ní ọjọ́ kejì, a gbé rédíò sọ̀kalẹ̀ sí ìsàlẹ̀ ilé. Lọ́dọ̀ aránṣọ tí ó háyà yàrá iwájú, ó dákẹ́ títí ó fi tan áyọ́ọ̀nù rẹ̀. Bí ó ti tàn án báyìí, pàrà-pàrà-pàrà. A pa iná ilé pátápátá, a tú sọ́kẹ́ẹ̀tì náà. Súkúrúù tí ó di wáyà mú ti dẹ̀, ike ẹ̀yìn rẹ̀ sì ti pọ́n bí búrẹ́dì tí wọ́n yan jù. Ọmọ náà ní bí ike bá ti jó di èédú báyìí, èédú yẹn fúnra rẹ̀ a máa gbé iná, iná a máa gba ojú rẹ̀ kọjá, a sì tún máa jó o sí i, títí yóò fi kan ògiri tàbí aṣọ. Aránṣọ náà jẹ́wọ́ pé òórùn ẹja ti ń yọ òun lẹ́nu níbẹ̀ láti bí oṣù kan, pé òun rò pé ìyá ẹlẹ́ja tí ó wà lójúde ni. Ike inú ohun èlò iná, bí ó bá gbóná jù, òórùn ẹja ni ó máa ń rùn. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ rántí èyí.

Mo ti fẹ́ máa bọ rédíò náà, ṣùgbọ́n ohun tí a rí gbẹ̀yìn kò jẹ́ kí n ṣe é. Lórí àjà ọ̀dẹ̀dẹ̀, eku ti jẹ rọ́bà ara wáyà méjì títí bàbà fi yọ síta, wọ́n ń wojú ara wọn, kò kù ju kí òjò jò kan wọn lọ. Rédíò kọjá níbẹ̀, kò wí nǹkan kan, nítorí iná kò tíì fò. Ojú ni a fi rí i. Bẹ́ẹ̀ ni ṣájà fóònù àti gílóòbù ìgbàlódé a máa mú kí rédíò pariwo láìṣẹ̀. Nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má ṣe gbé rédíò kiri ilé kí ó wá sọ pé òun ti di oníṣẹ́ iná. Ẹni tí ó bá gbọ́ nǹkan, kí ó pa iná, kí ó pe ẹni tí ó mọ̀ ọ́n.

A yọ wáyà ìgbà ECN kúrò. Owó rẹ̀ dùn mí. A ra kọnẹ́tọ̀ ọmọ ìyá kan náà, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi sì fi ẹ̀rọ tí ó yẹ tẹ ẹnu wọn. Ínfátà tí a ra lẹ́ẹ̀kejì, a ka ìwé rẹ̀ dáadáa kí a tó sanwó, ó ní ẹ̀rọ tí ń ṣọ́ arc nínú. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan lẹ́yìn náà, ó pa ara rẹ̀, iná pupa ń ṣẹ́jú lójú rẹ̀. Gbogbo ilé ń pariwo pé kí n tún un tàn. Ìyá mi ní àwọn kò gbọ́ nǹkan kan, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án títí ọmọ náà yóò fi dé. Ilẹ̀ ṣú bá wa ní ọjọ́ méjì. Nígbà tí ó dé, ó rí kọnẹ́tọ̀ kan lórí páànù tí kò wọlé dé ìdí.

Wọ́n ní, "Ẹ̀rọ yìí gbọ́ ọ kí n tó gbọ́ ọ. Ta ni ó kọ́ ọ ní àkàrà dídín?"

Rédíò bàbá mi ṣì wà lẹ́bàá ibùsùn wọn. Èmi ni mo ń ra bátìrì sí i.